Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìyípadà Nínú Ètò Ìjọba Ọlọ́pọ̀ Ojúkò ní Abẹ́òkúta, 1830 sí 1957

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a pé jọ síbí ni ó kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí a sì ti fi kọ́ ẹlòmíràn, pé oríṣi ìjọba mẹ́ta ni ó wà ní Nàìjíríà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ní ní ilẹ̀ Haúsá, ọwọ́ ẹnì kan ni àṣẹ wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba ni ó ni àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè a máa ká a lọ́wọ́ kò. Ní ilẹ̀ Ìgbò, kò sí ọba, gbogbo ọmọ ìlú ni ó ń jókòó sọ̀rọ̀. Ìpín mẹ́ta yìí dùn ún kọ sójú pátákó, ó sì rọrùn láti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Àléébù rẹ̀ ni pé Ọ̀yọ́ nìkan ni àwọn tó kọ ọ́ ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Yorùbá. Aláàfin, Ọ̀yọ́ Mèsì, Baṣọ̀run, Ògbóni: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti gba máàkì rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá wá ìlú bàbá rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà kò ní rí i. Bí ọmọ Yorùbá gan-an kò bá sì rí ìlú rẹ̀ nínú ìpín tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, kí ni kí ọmọ Tiv, ọmọ Nupe tàbí ọmọ Ibibio tí wọ́n jọ jókòó sí kíláàsì kan náà wí?

Abẹ́òkúta ni a mú láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí a ń pè ní ojúkò àṣẹ nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí àwọn ènìyàn ti lè pe ara wọn jọ, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà kan, kí ìpinnu wọn sì múlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlú tí irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí ni ìlú ọlọ́pọ̀ ojúkò. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń sọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ojúkò pọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n wá ń dín kù títí ó fi ku ẹyọ kan. Èrò tiwa yàtọ̀. Ní Abẹ́òkúta, iye ojúkò kọ́ ni ó yí padà jù. Ohun tí ojúkò kọ̀ọ̀kan ní agbára láti kọ̀ ni ó yí padà, àti ọ̀nà tí ó lè gbà kọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ìlú nínú odi kan

Kí Abẹ́òkúta tó wà ni Ẹ̀gbá ti wà. Nínú Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n ń gbé, ní ìlú kéékèèké tó lé ní 100, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta: Ẹ̀gbá Aké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà àti Gbágùrá. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, àwọn ìlàrí Aláàfin ni ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìtàn Lísàbí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ibi tí a kì í sábà dúró lé nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ṣètò rẹ̀. Kò kó ọmọ ogun jọ sábẹ́ ọba kan. Ẹgbẹ́ àáró, tí àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, ni ó lò. Àáró ìlú kan mọ ti ìlú kejì, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí ìlàrí tirẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé láti inú ẹgbẹ́ àáró yìí ni ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde. Ohun tí ó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ nígbà náà ni pé wọn kò ní olórí kan ṣoṣo tí Ọ̀yọ́ lè mú kí gbogbo rẹ̀ parí.

Ohun kan náà ni ó pa wọ́n lára nígbà tí ogun dé ní nǹkan bí 1820 sí 1830. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun rẹ̀ yí sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú tó wà nítòsí kò tètè gbèjà èyí tó ń jóná, nítorí ọ̀rọ̀ onílé ni wọ́n kà á sí. Àwọn tó ṣẹ́kù bá ara wọn ní Ìbàdàn, ibẹ̀ kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Ní nǹkan bí 1834, àwọn ará Òwu náà wá bá wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyà ogun á sọ wọ́n di ìlú kan lábẹ́ ọba kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Odi kan ṣoṣo ni wọ́n mọ yí ara wọn ká, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání wá: Aké, Ìjemọ̀, Ìtokò, Ìpóró, Kémta, Ìkìjà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó Ògbóni wọn wá, pẹ̀lú Olúwo, Apènà àti Lísà. Wọ́n kó oyè Ológun wọn wá, láti orí Balógun dé Ọ̀tún, Òsì àti Sẹ́ríkí. Wọ́n kó Pàràkòyí wọn wá, tí ń bójú tó ọjà àti ọ̀rọ̀ oníṣòwò. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ìdílé, ilé Ògbóni ìlú náà ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun tó kan gbogbo ayé ni ó ń kó Ológun ìlú gbogbo jọ sí ìpàdé Olórógun. Bí ìlú kan kò bá fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ó lè fà sẹ́yìn, kí Ológun rẹ̀ má jáde. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá mú wọn.

Ṣódẹkẹ́ ni gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Síbẹ̀ kì í ṣe ọba. Sẹ́ríkí ni. Àwọn òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1840 sókè ni ó ń pè é ní ọba, bóyá nítorí wọn kò mọ orúkọ mìíràn tí wọn ì bá fún ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń tẹ́tí sí. Ó kú ní nǹkan bí 1845. Láti ọjọ́ tí wọ́n dé abẹ́ Olúmọ títí di 1854, kò sí Aláké kankan lórí ìtẹ́. Odidi ọdún 24! Láàárín àkókò yìí, Abẹ́òkúta gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ Sàró tó ń padà bọ̀ láti Sierra Leone, ó gba míṣọ́nnárì, ó sì lé ogun Dahomey padà lẹ́nu odi ní oṣù kẹta, 1851. A kò lè máa kọ́ ọmọ pé Aláké ni ó ń ṣe àkóso Ẹ̀gbá láti ayébáyé, kí á wá dákẹ́ lórí ọdún 24 yìí.

Ta ni ó fẹ́ olórí kan?

Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i pé ojúkò púpọ̀ jẹ́ wàhálà ni àwọn tó wá láti òde. Ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i lódì kejì. Henry Townsend àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ti Ṣàgbùá Okùkẹ́nù, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú Ògbóni Aké, lẹ́yìn. Ní 1854, ó jẹ Aláké. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ní 1855, Òwu fi Olówu tiwọn jẹ, nígbà tí ó sì yá, Gbágùrá ní Àgùrá, Òkè-Ọnà ní Òṣilẹ̀. Adé kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi so ìlú pọ̀ bí adé mìíràn. Yorùbá ní ọba kì í pé méjì láàfin. Ẹ̀gbá kò ba òwe náà jẹ́, ààfin ni wọ́n fi kún.

Okùkẹ́nù kú ní 1862. Ìtẹ́ ṣófo títí di 1869, Baṣọ̀run Ṣómóyè sì ń ṣe olórí. Ìtẹ́ tún ṣófo láàárín 1877 àti 1879, àti láàárín 1881 àti 1885. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Ògúndìpẹ̀ Alátiṣẹ, tí kì í ṣe ọba, ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìyálóde Tinúbú, tí ó jẹ oyè náà ní 1864 lẹ́yìn ipa tí ó kó nínú ogun Dahomey, ní owó, ó ní ohun ìjà, ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ Aláké. Nígbà tí Aláké wà àti nígbà tí kò sí, ojúkò tí ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ sí lè yí láti ilé ẹnì kan sí ilé ẹlòmíràn láìsí òfin tuntun kankan.

Owó bodè ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Ológun kò ní owó oṣù. Ẹnu-bodè ni wọ́n ti ń jẹ. Oníbodè ìjòyè kan wà ní ọ̀nà yìí, ti ìjòyè mìíràn wà ní ọ̀nà tọ̀hún, ẹni tó ń gbé epo tàbí òwú kọjá á sì sanwó. Ìdí nìyí tí ohun tí G. W. Johnson àti àwọn Sàró ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1865 fi kan wọ́n lára. Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá ni, Ṣómóyè ni ààrẹ, Johnson ni akọ̀wé. Wọ́n fẹ́ kí owó tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń lọ sí Èkó wọ àpò kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tó dára ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó owó bodè sí àpò kan ti gba oúnjẹ lẹ́nu ojúkò tó tó ogún, kò sì sí ohun tí ìgbìmọ̀ náà ní láti fi dípò rẹ̀. Ìjọba Èkó náà kò gbà á ní ìjọba. Ní oṣù kẹwàá, 1867, nígbà tí aáwọ̀ pẹ̀lú Èkó le tán, ìlú tú jáde sí àwọn míṣọ́nnárì. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn náà sì bá a lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún 1870 tí ìgbìmọ̀ Johnson pẹ̀lú fi tú ká.

Àpò kan, ọwọ́ kan

Lẹ́yìn tí òyìnbó fi ogun fọ́ agbára Ìjẹ̀bú ní 1892, Ẹ̀gbá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter ní oṣù kìíní, 1893. Òyìnbó ṣèlérí pé àwọn kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá bí Ẹ̀gbá bá ti pa àdéhùn mọ́, Ẹ̀gbá sì ṣèlérí pé àwọn kò ní ti ọ̀nà mọ́. Ìlérí ti ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí a kíyè sí. Títi ọ̀nà ni ohun ìjà tó tóbi jù tí ojúkò kan ní lọ́wọ́ láìta ìbọn. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ní 1898 ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá, tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Egba United Government, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ìjọba Èkó, ní ọdún kan náà tí Gbádébọ̀ Kìíní jẹ Aláké. Lójú ẹni tí ó bá ń wò ó, ojúkò gbogbo ni ó wà nínú rẹ̀: Aláké, Òṣilẹ̀, Àgùrá, Olówu, àwọn aṣojú Ògbóni, Ológun àti Pàràkòyí, ti ẹlẹ́sìn Krístì àti ti Mùsùlùmí. Àyè kò sí fún Ìyálóde. Ní ti iṣẹ́, ìjọba yìí ṣe gudugudu méje: ó ní ilé ìṣúra, ilé-ẹjọ́, ọlọ́pàá àti òpópónà, Gbádébọ̀ sì lọ sí London ní 1904, ọba England gbà á lálejò. Ohun tí Johnson kò rí ṣe, wọ́n rí i ṣe, torí pé owó oṣù ni wọ́n fi pààrọ̀ owó bodè fún àwọn ìjòyè.

Owó oṣù yìí ni a rò pé ó yí ìlú padà ju ìwé òfin èyíkéyìí lọ. Ìjòyè tó ń jẹ láti ẹnu-bodè, ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó tán. Ìjòyè tó ń gba owó oṣù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Adégbóyèga Ẹdun, akọ̀wé ìjọba náà, ọ̀mọ̀wé tí òyìnbó fẹ́ràn. Ilé Ògbóni Ìjemọ̀ ṣì wà níbi tó wà. Olúwo ṣì ń jókòó. Ìpinnu wọn kàn ti di ẹ̀bẹ̀ ni.

Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá gbọ́

Ní 1914, àgbàlagbà kan ní Ìjemọ̀, Ṣóbíyìí Pọ́nlàdé, bá ìjọba ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀nà. Wọ́n tì í mọ́lé, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjemọ̀ ní kí wọ́n yọ Ẹdun. Ká ní ọdún 1850 ni, Ìjemọ̀ ì bá fà sẹ́yìn kúrò nínú ìpàdé, tàbí kí ó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ìlú yòókù ì bá sì wá pẹ̀tù sí i nítorí wọn kò lè ṣe láìsí i. Ní 1914, wọn kò ní ohun kan tí wọ́n lè fà sẹ́yìn. Ara wọn nìkan ni wọ́n ní, wọ́n sì gbé e wá. Ìjọba ránṣẹ́ pe sójà òyìnbó. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, sójà yìnbọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú, Olúwo Ìjemọ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án, Lugard fagi lé àdéhùn 1893. Òmìnira Ẹ̀gbá parí. Ìjọba tí ó pe sójà láti fi agbára rẹ̀ hàn ni sójà náà gbé lọ.

Láti ìgbà náà, Aláké nìkan ni òyìnbó mọ̀ ní aláṣẹ ìbílẹ̀. Ní 1918, owó orí dé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀: wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n já wáyà, wọ́n sì pa Òṣilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n dojú kọ. Ojú irin ni ọ̀nà tuntun. Wọ́n tún padà sí títi ọ̀nà.

Ti àwọn obìnrin ni ó ní láárí jù lójú tiwa. Abẹ́òkúta wà lára àwọn ibi díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí obìnrin ti ń dá owó orí tirẹ̀ san, síbẹ̀ kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀. Ní 1947, Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe olórí rẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ojúde ààfin Aké, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀. Àwọn aláte, aláṣọ àdìrẹ, alátà ni. Kò sí òfin tó mọ ẹgbẹ́ wọn ní ojúkò àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ni ọjà, ọjà sì ni ohun tí wọ́n lè fà sẹ́yìn. Nígbà tí ó di 1948, àwọn Ògbóni, tí owó oṣù ti sọ di aláìlẹ́nu fún àádọ́ta ọdún, kẹ̀yìn sí Aláké pẹ̀lú. Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú ní oṣù keje, ó lọ sí Òṣogbo, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní, 1949. Wọ́n mú owó orí obìnrin kúrò, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ní ìparí 1950, Adémọ́lá padà wá sórí ìtẹ́. Kò padà wá bá aláṣẹ kan ṣoṣo mọ́.

Àwọn kan á ní ojúkò àtijọ́ ni ó jí dìde. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé, tó ń gba lọ́yà, tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ìṣirò owó ìjọba kì í ṣe ilé Ìyálóde ayé Tinúbú. Ojúkò tuntun ni, ó kàn jókòó sí ibi tí ti àtijọ́ ti ṣófo ni.

Lẹ́yìn èyí, òfin ìjọba ìbílẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 mú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn wá, àwọn ìjòyè sì di ìwọ̀nba nínú rẹ̀. Òfin oyè ti 1957 ní kí a kọ àṣà ìfọbajẹ ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ìjọba sì máa fọwọ́ sí ẹni tí wọ́n bá yàn. Ìtẹ́ tí Ẹ̀gbá fi sílẹ̀ lófìfo fún ọdún 24 nítorí pé wọn kò tíì ṣetán, ìwé ti wà báyìí tí ó sọ ẹni tí ó kàn àti bí wọ́n ṣe máa yàn án.

Nínú kíláàsì

Ní ti iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn olùkọ́, a kò sọ pé kí á ju ìpín mẹ́ta inú ìwé nù lónìí, nítorí ìdánwò ṣì ń bi í. Ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE tiwa ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, a ó ní kí oníkálukú mú ìlú tirẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó lè sọ pé rárá níbẹ̀? Kí ni ó ní lọ́wọ́ tí ó lè fà sẹ́yìn? Ta ni ó ń bọ́ ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ wa wá láti ìlú tó lémíà, tó lọ́ba, tí kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orí ààfin tàbí ilé olórí ìlú ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Kí wákàtí kan tó parí, wọ́n á ti dé gáréèjì, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń já a, àti ìdí tí ìyálọ́jà fi lè ti ọjà pa ní ọjọ́ kan tí alága káńsù kò sì lè ṣí i.